A Jẹ Ẹ̀kọ Tán, A Kò Lè Dárí Ji Ọ̀rá

Àwọn baba wa a máa wí pé, "Bí a bá jẹ ẹ̀kọ tán, à dárí ji ewé." Aáwọ̀ ni a sábà máa ń fi òwe náà pẹ̀tù sí: bí ọ̀ràn bá ti yanjú, kí a jẹ́ kí ohun tí ó yí i ká máa bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo bẹ ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin alákọ̀wé tí ń ka ìwé yìí lóṣooṣù pé kí ẹ bá mi fi ìlò yẹn sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ẹnu ti sọ ọ́. Èéṣe tí ó fi rọrùn fún àwọn àgbà láti dárí ji ewé? Nítorí pé ewé kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn ni. Ẹni tí ó jẹ ẹ̀kọ sọ ọ́ sílẹ̀. Bí ewúrẹ́ kò bá jẹ ẹ́, òjò a rẹ ẹ́, ekòló a sì fà á wọlẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó ti di erùpẹ̀. Orí ààtàn tí a ń da irú ewé bẹ́ẹ̀ sí náà ni tẹ̀tẹ̀ tí ó dára jù lọ ti ń hù, tí ìbẹ́pẹ tí ẹnikẹ́ni kò gbìn sì ti ń so.

Òwe náà kò bá ọ̀rá mu. Ohun tí ó dé bá wa láàárín ogójì sí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ni pé a pààrọ̀ ohun tí a fi ń di ẹrù, a kò sì pààrọ̀ ọwọ́ tí ń sọ ọ́ nù. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn kan nínú àwa alákọ̀wé ń wí pé ọ̀bùn ni ìran wa, pé kí a sá wo gọ́tà wa, kí a wo ẹ̀bá ọ̀nà wa. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìwà tí ọwọ́ wa ń hù lónìí, ìwà tí ó tọ́ ni ní ọjọ́ tí ó jẹ́ pé ewé ni ó wà ní ọwọ́ náà. Ẹni tí ó sọ ewé sí ẹ̀yìnkùlé ń bọ́ ilẹ̀ rẹ̀ ni. Ẹni tí ó sọ ọ̀rá sí ibẹ̀ kan náà fi gbèsè sílẹ̀ fún ọmọ ọmọ rẹ̀. Ìṣesí kan náà ni, èrè rẹ̀ ni ó yàtọ̀. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ tún ìlú ṣe ní láti mọ ìyàtọ̀ yìí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ka ohun tí a ní tẹ́lẹ̀. Ewé eéran ni olórí gbogbo wọn: ewé fẹ̀ǹtẹ̀ tí ó ń hù lábẹ́ òjìji igbó, tí a fi ń pọ́n ẹ̀kọ, tí a fi ń pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí gbogbo ayé ń pè ní mọ́ínmọ́ín nísinsìnyí, tí a fi ń di iyán fún ẹni tí ń lọ sí oko. Ewé gbodògì ń bẹ. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bẹ fún ẹni tí kò bá rí eéran. Àwọn oníṣòwò obì a máa tẹ́ ewé tútù sínú agbọ̀n kí wọ́n tó kó obì sí i, tí wọn yóò sì máa pààrọ̀ ewé náà bí ó bá ti ń gbẹ, nítorí obì kò fẹ́ oòrùn, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ ooru. Irú agbọ̀n bẹ́ẹ̀ ni obì fi ń ti ọ̀dọ̀ wa dé ilẹ̀ Haúsá. Ọṣẹ dúdú pẹ̀lú, inú ewé ni ó ń gbé; láti ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti rí i pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Ẹ kíyè sí i pé òwe méjì ni mo ti pa báyìí, tí ó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń di ọjà sínú ewé ni wọ́n ti jáde. Òwe wo ni ọ̀rá yóò bí fún wa?

Ewé eéran yìí kì í ṣe ohun ẹ̀gàn lójú àwọn àjèjì pàápàá. Èso pupa kan wà ní ìdí rẹ̀, tí ó ń fara pamọ́ sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ ewé. Àwọn ọmọ oko mọ̀ ọ́n dáadáa nítorí adùn rẹ̀. Ní ọdún 1855 ni oníṣègùn Gẹ̀ẹ́sì kan, W. F. Daniell, kọ̀wé nípa èso náà, orúkọ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ewéko sì fi sọ ọ́ títí di òní. Nígbà tí ó di ọdún 1972, wọ́n yọ ohun tí ń mú un dùn jáde, wọ́n sì rí i pé adùn rẹ̀ tó bí ìlọ́po 2000 ti ṣúgà. Wọ́n ń tà á báyìí fún àwọn tí ń ṣe oúnjẹ inú agolo àti oògùn ní ilẹ̀ òkèèrè. Àwa tí a ni igi náà, a ń ṣán an lulẹ̀ bí ẹni ń ṣán èpò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn tó kí a kọ ìwé mìíràn lé e lórí.

Ibo wá ni ọ̀rá ti wá? Àwọn ọkùnrin méjì, Reginald Gibson àti Eric Fawcett, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ìtòsí ìlú Northwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ṣèèṣì rí i ní ọdún 1933, nígbà tí wọ́n ń fi agbára ńlá fún afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n mú jáde. Ohun funfun bí ìda ni ó kù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò ẹ̀rọ wọn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wáyà ẹ̀rọ rédà ni wọ́n fi bò. Kò sí ẹni tí ó rò pé a óò fi di àkàrà. Ní ọdún 1965 ni ilé iṣẹ́ Celloplast ní ilẹ̀ Sweden gba ìwé àṣẹ lórí àpò ọ̀rá ọlọ́wọ́ méjì tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí Sten Gustaf Thulin ṣe. Ọmọ ọkùnrin náà sọ pé nítorí àtidáàbò bo igi ni baba òun fi ṣe é: àwọn ará ilẹ̀ wọn ń gé igi púpọ̀ láti fi ṣe àpò bébà, ó sì rò pé ẹni tí ó bá ní àpò tí kì í ya yóò ká a sínú àpò aṣọ rẹ̀, yóò sì máa tún un lò. Ohun tí ó tọ́jọ́ ni ó ṣe. Ayé gbà á, wọ́n sì sọ ọ́ di ohun àlòsọnù. Níbẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. N kò lè bú ọkùnrin náà.

Ọ̀rá kì í jẹrà gẹ́gẹ́ bí ewé ti ń jẹrà. Inú epo rọ̀bì àti afẹ́fẹ́ gáàsì ni a ti ń mú un jáde, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ń sọ ewé di ilẹ̀ kò sì rí i jẹ. Oòrùn a máa fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, àwọn wẹ́wẹ́ náà a sì máa kéré sí i títí ojú kò fi ní í rí wọn mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rá ni wọ́n ń jẹ́ síbẹ̀. Ní ọdún 2022 àwọn onímọ̀ ní Amsterdam yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 22 wò, wọ́n sì rí ike wẹ́wẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn 17. Àwọn mìíràn ti ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2017 pé láti 1950 títí di 2015, ike tí ayé ti ṣe jẹ́ bí ẹgbàagbèje tọ́ọ̀nù, àní mílíọ̀nù 8,300. Nínú èyí tí ó ti di pàǹtírí, ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni a tún lò, a sun ìdá 12, ìdá 79 tí ó kù sì wà níbi tí a dà á sí: nínú ilẹ̀, nínú odò, nínú òkun.

Mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ bo ewé eéran kan àti ọ̀rá omi kan mọ́lẹ̀ nínú ọgbà nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì ri igi àmì sí ibẹ̀. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, a hú u. Ewé kò sí mọ́. A kò tilẹ̀ mọ ibi tí a bò ó sí, bí kò ṣe ti igi àmì. Ọ̀rá náà jáde pẹ̀lú gbogbo lẹ́tà tí a tẹ̀ sí i lára. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kà á jáde ketekete, títí kan ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí a jọ̀wọ́ jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Àwọn ará Ìbàdàn kò nílò kí n sọ fún wọn ohun tí omi ń ṣe nígbà tí ọ̀nà rẹ̀ bá dí. Omíyalé Ògùnpa ti ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1980 ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀rá kò tíì pọ̀ tó báyìí; ilé tí a kọ́ sí bèbè odò àti pàǹtírí tí a dà sínú rẹ̀ ti tó láti dí i. Nígbà tí ó di ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún dé, ó gbé afárá lọ, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 100. N kò sọ pé ọ̀rá nìkan ni ó fà á. Ṣùgbọ́n ewé tí ó wọ inú àgbàrá yóò rọ̀, yóò sì bá omi lọ. Ọ̀rá a máa tẹ́ bẹẹrẹ sí ẹnu ihò gọ́tà bí ìdérí ìkòkò. Ní ilẹ̀ Bangladesh, wọ́n rí i pé ọ̀rá wà lára ohun tí ó dí ọ̀nà omi nígbà àkúnya ọdún 1988 àti ti 1998, nítorí náà ni wọ́n fi jẹ́ orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé tí ó fi òfin de ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ní ọdún 2002.

Ẹ má sì jẹ́ kí a tètè pàtẹ́wọ́. Ọ̀rá padà sí ọjà Bangladesh, débi pé ní ọdún 2024 ìjọba wọn tún ní láti kéde òfin kan náà lákọ̀tun. Rwanda ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2008, ó sì dúró tì í. Kenya ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2017, pẹ̀lú ìjìyà tí ó lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin. Àwọn aládùúgbò wa ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí àwọn ará wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà, ṣe òfin tiwọn ní ìparí ọdún 2017. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de àwo funfun fúyẹ́ tí a fi ń di oúnjẹ ní oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin de ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025. Mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyá olóúnjẹ tí a gba àwo funfun lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni a fi sí ọwọ́ rẹ̀ dípò? Bí ó bá lọ sí ọjà, ewé wọ́n ju ọ̀rá lọ, ó sì lè máà rí i rà. Òfin tí kò bá pèsè ewé, ìyà ni yóò fi jẹ tálákà, olówó yóò sì rí ọ̀nà yẹ̀ ẹ́.

Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ọ̀rá ní ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ kí a gbọ́, n kò sì fẹ́ kí a rò pé mo sá fún un. Ní ọdún 2011, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó àyíká ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwọ̀n kan jáde. Wọ́n ní bí a bá ń ro ti èéfín tí ń mú ayé gbóná, ẹni tí ó ra àpò bébà ní láti lò ó nígbà 3 kí ó tó sàn ju àpò ọ̀rá tí a lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ó sì ra àpò aṣọ òwú, nígbà 131. Ó ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó yani lẹ́nu. Òwú fẹ́ omi púpọ̀, ó fẹ́ ajílẹ̀, ó fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò ran án, tí yóò hun ún. Nítorí náà, àwa tí a ń gba àpò aṣọ lọ́fẹ̀ẹ́ níbi ìnáwó gbogbo, tí a ní ogún wọn tí a so kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kí a má ṣe rò pé a ti ṣe ayé lóore. Pé ohun kan ń jẹrà kò tó. Ó yẹ kí a tún bèèrè ohun tí a ná kí a tó ní i, àti iye ìgbà tí a óò lò ó. Àní ewé pàápàá, bí a bá kó o pelemọ sí ìsàlẹ̀ òkìtì ìdọ̀tí ńlá níbi tí afẹ́fẹ́ kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a máa mú gáàsì tí ń mú ayé gbóná jáde.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwọ̀n náà dáadáa. Bébà àti òwú ni wọ́n gbé ka orí rẹ̀. Wọn kò gbé ewé eéran. Wọn kò sì ka gọ́tà tí ó dí, nítorí kì í ṣe ìyẹn ni wọ́n ń wá. Ewé tiwa kò mọ ajílẹ̀, kò mọ ẹ̀rọ, kò mọ epo bí kò ṣe ti ọkọ̀ tí ó gbé e dé ọjà. A gé e, òmíràn a hù ní ìdí kan náà. Bí a bá lò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí a sì sọ ọ́ nù, gbèsè kankan kò kù.

N kò sì sọ pé kí a lé ọ̀rá kúrò ní ilẹ̀ Yorùbá. Iyọ̀, ṣúgà, irúgbìn, oògùn ilé ìwòsàn: ewé kò lè ṣe ti àwọn wọ̀nyí ní àsìkò òjò. Ibi tí mo kọ̀ ọ́ sí ni kí a máa se mọ́ínmọ́ín nínú rẹ̀. Ọ̀rá tí a gbé sínú omi híhó pẹ̀lú epo àti ata fún wákàtí kan, àwọn èròjà tí a pò mọ́ ọn lè jáde wọ inú oúnjẹ, nítorí ooru àti epo ni ó ń tètè fà wọ́n jáde. Yàtọ̀ sí èyí, adùn kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti jẹ mọ́ínmọ́ín eléwé mọ ohun tí mo ń wí.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn tí wọ́n ń ta ọ̀rá tí a kọ ọ́ sí lára pé "ó ń jẹrà". Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Plymouth sọ pé irú àpò bẹ́ẹ̀ tí àwọn bò mọ́lẹ̀, tí àwọn sì rì sínú òkun fún ọdún mẹ́ta, ṣì ń gbé ẹrù ọjà láìya. Irú kan tí wọ́n ń fi àgbàdo ṣe ń bẹ, òtítọ́ ni pé ó lè jẹrà, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tí ó gbóná tó ìwọ̀n 60 ni yóò ti jẹrà dáadáa, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé yín. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí ó wà ní ìṣọ̀kan sì ti fi òfin ọdún 2019 de èyí tí ó kàn ń fọ́ sí wẹ́wẹ́. Kí a má ṣe gbà á lọ́wọ́ wọn kí a tún fi owó lé e.

Ohun tí ń bà mí lẹ́rù gan-an kì í ṣe pé ọ̀rá pọ̀, bí kò ṣe pé ewé ń tán. Eéran kì í fẹ́ pápá gbalasa. Òjìji ni ó fẹ́. Ibi tí a bá ti ṣán igbó tán, tí a fà á fún àwọn tí ń la ilẹ̀ fún ilé kíkọ́, kò ní í hù níbẹ̀ mọ́. Àwọn ìyá eléwé ń rìn jìnnà lọ́dọọdún ju ti èṣí lọ, ìdí sì nìyí tí ìtí ewé fi ń wọ́n. Bí ewé ti ń wọ́n ni àwọn ọ̀dọ́bìnrin kò ṣe kọ́ bí a ti ń pọ́n ọn mọ́. Mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi léèrè nínú kíláàsì, ọmọ ogún ọdún sí i, ta ni ó lè ká ewé kí mọ́ínmọ́ín má jò. Ọwọ́ díẹ̀ ni ó na sókè, ọmọ oko ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn wọ̀nyí ni yóò di olùkọ́ fún àwọn ọmọ wa.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin olórí ẹbí tí ilẹ̀ wà ní ìkáwọ́ yín ni mo ń darí ọ̀rọ̀ mi sí. Eéran ń gbé abẹ́ kòkó dáadáa, abẹ́ òjìji èyíkéyìí tí kò bá gbẹ jù ni ó lè gbé, kò sì ń bá kòkó jà. Ẹni tí ó ní oko kòkó ti ní oko ewé, bí ó bá lè sọ fún àwọn tí ń ro oko náà pé kí wọ́n má ṣe ṣán an mọ́ èpò, kí wọ́n má sì ṣe fọ́n oògùn apakòkó lé e lórí. Ẹ̀yin Ìyálọ́jà lè fún àwọn eléwé ní ìsọ̀ tí ó dára, lábẹ́ ìbòòji, dípò kí wọ́n máa jókòó sí ẹnu ọ̀nà nínú oòrùn tí ń ro ewé wọn.

Ti àwa ará ìlú kò pọ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwo ni a ń fún ọmọ tí a rán lọ ra ẹ̀wà; ọlọ́jà a sì fi ènì sí i. Lónìí ọ̀rá ni ó ti di ènì: a ra ìṣáná, wọ́n fi í sínú ọ̀rá dúdú, a kò bèèrè rẹ̀, a kò kọ̀ ọ́. Ó yẹ kí a kọ̀ ọ́, kí a sì bèèrè ènì gidi. Ẹ sì jẹ́ kí a wo ìnáwó wa, níbi oyè jíjẹ àti níbi ìsìnkú arúgbó. Ibẹ̀ ni àwa tí a mọ̀wé ti ń da pàǹtírí jù lọ, omi inú ọ̀rá àti ti inú ìgò ike, ṣíbí ike, mọ́ínmọ́ín inú ọ̀rá fún ẹgbẹ̀rún ènìyàn, ní ilé ẹni tí a fi joyè nítorí àṣà. Bí ìjòyè kan bá sọ fún àwọn alásè rẹ̀ pé ewé ni òun fẹ́, kí ó sì sanwó ewé náà sílẹ̀ fún àwọn eléwé ní oṣù kan ṣáájú, wọn yóò rí i kó wá.

Ìdí eéran tí ń tàn lábẹ́ ilẹ̀ ni a ń gé gbìn, kò sì ṣòro. Àwọn ìyá eléwé mọ ibi tí ó wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbìn ín kí ó ránṣẹ́ sí wọn nígbà tí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀, kí ó sì san owó iṣẹ́ wọn fún wọn, nítorí ìmọ̀ ni wọn yóò tà fún un pẹ̀lú ìdí ewé náà.